Ohùn tí Mo Fi sí Etí Naomi

Mo ní kí wọ́n pè yín wá kí ahọ́n mi tó wúwo ju báyìí lọ. Apá òsì mi ti kú, dókítà sì ti kìlọ̀ pé bí irú rẹ̀ bá tún kọlù mí, ó lè má fi mí sílẹ̀. Ọ̀gá Gbọ́ládé tó ni ẹgbẹ́ olórin wa wà níbí, Suleiman tó ń lu dúrọ́ọ̀mù wà níbí, àwọn ọ̀dọ́ tí mò ń kọ́ ní iṣẹ́ ẹ̀rọ wà níbí, Happiness ìyàwó mi náà sì jókòó tì mí. Gbogbo Ìkàrẹ́ ló gbà pé òkú ìyá Naomi, tó ń dá orin fún wa, ló wá pè é lórí ìtàgé ní Ọ̀kà. Èmi Zacchaeus ni mo pè é.

Láti ọjọ́ tí a fẹ́ ra míkísà, ẹ̀rọ tí a fi ń darí ohùn gbogbo olórin, ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tí à ń lò tẹ́lẹ̀ ti gbó, ó ń kùn bí ẹ̀fọn, ọ̀gá sì ní kí n yan òmíràn, torí iṣẹ́ mi ni. Suleiman, o bá wa rí ọ̀kan tó dáa níbí. Ti ìgbàlódé ni, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni nínú wa ló lè dúró tì í kó sì mọ ohun tó ń lọ. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan, mo dán an wò láti àárọ̀ di ọ̀sán, kò já mi kulẹ̀ rárá. Mo dé, mo sọ fún yín pé iná jẹnẹrétọ̀ á bà á jẹ́ láàárín oṣù kan. Irọ́ ni. Èyí tí mò ń wá ni èyí tí mo lè fi tábúlẹ́ẹ̀tì darí láti òkèèrè, tí nọ́ńbà tí a fi ń ṣí i jẹ́ tèmi nìkan, tó ń gba ohùn olúkúlùkù pamọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó sì lè rán ohùn sí etí olórin kan ṣoṣo láìjẹ́ pé èrò gbọ́. Ọ̀gá bi mí bóyá kò ní le jù fún ẹ̀yin yòókù. Mo ní kí ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Ẹ sì fi sílẹ̀ fún mi.

Ọdún mẹ́fà ni Happiness fi ń gbe orin lẹ́yìn Naomi. Mo fẹ́ kó bọ́ síwájú, ọ̀gá sì ní ohùn Naomi làwọn èèyàn ń tìtorí rẹ̀ pè wá. Nígbà tí mò ń yan míkísà yẹn, mi ò tíì mọ ohun tí n óò ṣe, àmọ́ mo mọ̀ pé ohun ìjà ni mò ń rà.

Naomi máa ń ki ohun kékeré kan bọ etí tó fi ń gbọ́ ara rẹ̀ bó bá ń kọrin. Mo ń jẹ́ kí ohùn rẹ̀ pẹ́ díẹ̀ kó tó dé ibẹ̀, mo ń gbé e sókè díẹ̀ ju bó ṣe kọ ọ́ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà. Ní Ìṣùà, ó wá bá mi, ojú rẹ̀ ti wọnú, ó ní, "Bọ̀dá Zacchaeus, ó dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ń bá mi kọ ọ́." Mo fún un ní omi. Mo ní àárẹ̀ ni. Ìkà ni mí, ẹ má ṣe pè é ní orúkọ mìíràn.

Ní oṣù kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ ni ìyá rẹ̀, Màmá Ìyátúndé, kú. Ẹ rántí pé obìnrin náà máa ń bá a wá síbi ìdánrawò, á dúró nídìí máìkì kan, bó bá sì tó àkókò kí ọmọ rẹ̀ dá orin, á ní, "Naomi, ó tó, máa bọ̀." Ohùn rẹ̀ yẹn wà nínú ẹ̀rọ mi.

Ọ̀sán Sátidé ni, níbi tí olùkọ́-àgbà kan ti ń ṣe àádọ́rin ọdún ní Ọ̀kà. Wọ́n pa àgọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, oòrùn ń ràn, àlejò ń jẹun. Mo dúró lábẹ́ igi máńgòrò lọ́ọ̀ọ́kán, tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi. Bí Naomi ṣe fẹ́ la ẹnu, mo pa gbogbo ohùn tó kù ní etí rẹ̀ kó lè dákẹ́ rọ́rọ́. Mo wá tẹ ohùn ìyá rẹ̀ sí i, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ń bà mí lẹ́rù títí dòní. Ó ní, "Màámi, mo ń bọ̀," gbogbo èrò sì gbọ́ ọ nínú sípíkà. Ó gbé máìkì kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gba ẹ̀yìn àgọ́ lọ. Ẹ rò pé ó fẹ́ yà sí kọ̀rọ̀ ni. Èmi rí i tó ń gun àpáta, títí ó fi dé etí ibi tó ti já sí ọ̀gbun. Mo pa míkísà náà pátápátá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà lófurufú kó tó dúró. Ó yí orí padà bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ kàn léjìká, ó sì rọra ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Suleiman, ìwọ lo pàdé rẹ̀ lọ́nà.

Kò kọrin mọ́. Ẹbí ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní àwọn ò lè fẹ́ ẹni tí òkú ń pè. Àwọn ará ilé rẹ̀ mú un lọ sí òkè àdúrà, ó gbààwẹ̀ títí ó fi gbẹ bí igi, wọ́n wá kó o lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Àrígìdì. Happiness bọ́ síwájú, ẹ sì ń yìn mí pé mo tún ohùn rẹ̀ ṣe.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí wọ́n fi mọ́tò gbé mi lọ sí Àrígìdì. Mo rò ó fún Naomi, mi ò fi ọ̀kan pamọ́. Ẹ̀wà ló ń ṣà, kò gbé ojú sókè. Ó bi mí pé ẹ̀ẹ̀melòó ni mo fi ohùn ìyá òun sí òun létí. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan. Ó ní kí ni ohùn náà sọ. Mo sọ ọ́. Ó gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀, ó wá wò mí.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa bọ̀. Ta ló wá ní kí n padà sílé nígbà tí mo dé etí ọ̀gbun?"

Míkísà ti kú nígbà yẹn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi pa á.

Ẹ bá mi wá ẹbí ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ rí, kí ẹ sọ fún wọn pé orí Naomi pé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń dúró nídìí ẹ̀rọ, ẹ̀yin lẹ ń yan ohun tí ẹlòmíràn á gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ ẹni tó tún ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ bẹ̀rù. Bí ẹ bá lè dárí jì mí, ẹ dárí jì mí lónìí, torí mi ò mọ̀ bóyá n óò lè sọ̀rọ̀ lọ́la.