Òǹtẹ̀ Tí Mo Lù Sórí Bíréèkì Tí Kò Dára

Ẹ̀yin tí a jọ ṣiṣẹ́, ẹ jókòó kẹ́ ẹ gbọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ jù nínú mi, bí mi ò bá sọ ọ́ lónìí, màá gbé e wọ sàréè. Ẹ má pè mí ní bàbá rere mọ́. Ìkà ni mí.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi ní ilé iṣẹ́ tí ìjọba ẹkùn wa ti ń ṣe mọ́tò. Èmi ni mò ń yẹ bíréèkì wò kẹ́yìn. Mọ́tò tí mi ò bá fi òǹtẹ̀ lu ìwé rẹ̀, kò gbọdọ̀ gba géètì jáde. Obìnrin tí a ń pè ní Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ló ń so páìpù bíréèkì. Lọ́dún tí ìjọba fẹ́ fi mọ́tò wa fọ́nnu, wọ́n kó àwọn páìpù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan dé. Obìnrin náà mú ọ̀kan wá bá mi, ó fi ìka méjì péré tẹ̀ ẹ́, ó là.

"Bọ̀dá, ṣé èyí lẹ̀mí èèyàn máa gbára lé? Ẹ má fi òǹtẹ̀ lù ú o! Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé, òun rèé."

Mo gbé ìwé náà lọ bá ọ̀gá àgbà. Kò kà á tán tó fi jù ú padà sí mi. "Ogójì mọ́tò gbọ́dọ̀ jáde kí kọmíṣánnà tó dé. Àbí o ò fẹ́ dọ̀gá ni?"

Mo fẹ́ ẹ, èmi olójúkòkòrò! Mo sọ ìwé sínú fáìlì, mo fi òǹtẹ̀ lu ìwé ogójì mọ́tò náà.

Kò pé oṣù méjì, bíréèkì ọ̀kan nínú wọn já lórí òkè. Agbẹ̀bí kan ló ń wà á lọ síbi iṣẹ́. Ó kú. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ dìde. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe: mo fa ìwé obìnrin náà yọ nínú fáìlì, mo dáná sun ún. Nígbà tí ìgbìmọ̀ bi mí bóyá ó kìlọ̀ fún mi, mo ní, "Rárá o. Òun ló so ó gbàgẹ̀rẹ̀."

Obìnrin náà yíjú sí mi. "Bọ̀dá, ẹ wò mí lójú kẹ́ ẹ tún un sọ."

Mo wolẹ̀, mo sì tún un sọ. Wọ́n lé e. Wọ́n sọ èmi dọ̀gá, ẹ sì pàtẹ́wọ́ fún mi! Ta ló bi ọ̀gá àgbà ní nǹkan kan? Ó fẹ̀yìn tì tayọ̀tayọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú obìnrin náà. Ó ti darúgbó. Kò bú mi. Ó ní, "Ẹ dìde. Èmi ṣáà mọ̀ pé mi ò jẹ̀bi. Kí ló dé tẹ́ ẹ wá ń sọ ọ́ fún mi? Àwọn tó gbà yín gbọ́ ni kẹ́ ẹ lọ bá."

Ẹ̀yin lẹ gbà mí gbọ́. Irọ́ ni mo pa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọ̀gá bá ní kẹ́ ẹ purọ́ fún òun, ẹ mọ̀ pé ọrùn yín ló máa gbé e, òun á ti lọ. Ẹ̀yin àgbà, mo bẹ̀ yín, ẹ dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ bẹ obìnrin yẹn ná, torí ẹ̀yin náà pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ sì pè é ní apààyàn.