Iṣẹ́ Ọjọ́ Márùn-ún

Rárá, màdáàmù, ẹ má tíì ṣí ìwé yẹn! Ẹ gbé e sílẹ̀ ná, ẹ gbé bírò náà sílẹ̀, ẹ fi etí sílẹ̀ kí n sọ tinú mi. Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ wá ka àwa tí a kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́jọ́sí, pé mélòó nínú wa ló níṣẹ́? Ẹ̀yin mà ni! Awò ojú yẹn náà, báàgì dúdú yẹn náà. Ẹ dúró sẹ́yìn àga mi nínú kíláàsì kọ̀ǹpútà, ẹ rẹ́rìn-ín sí mi, ẹ ní ṣé mò ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mò ń ṣiṣẹ́, ẹ fa ìlà kan sínú ìwé yín, ẹ kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn. Ìlà kan péré! Ìlà ọ̀hún ló fẹ́ tú ilé wa ká lónìí.

Irọ́ kẹ̀? Ta ló purọ́? Mi ò purọ́ fún yín o, mo fi Ọlọ́run búra! Mò ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn lóòótọ́. Ohun tó ń dùn mí wọra gan-an nìyẹn, pé òótọ́ ni mo sọ, òótọ́ mi náà ni wọ́n sì fi rẹ́ mi jẹ.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń to bisikíìtì sínú páálí. Nígbà tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa, gbogbo wa fọ́n ká, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gba obìnrin tó ti lé lógójì ọdún síṣẹ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n gbé ètò yìí dé, pé àwọn á kọ́ àwọn tí ò níṣẹ́ lọ́wọ́ ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, oṣù mẹ́fà, lọ́fẹ̀ẹ́, táa bá sì ti parí, iṣẹ́ ti wà nílẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo sunkún.

Tíṣà tó ń kọ́ wa, Onírẹ̀lẹ̀ la máa ń pè é, torí tó bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, ẹ ó rò pé ẹyin ló gbé dání. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń pè mí. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má mikàn. Ẹ̀gbọ́n mi, ìka yín ti ń yá o. Mo gbà á gbọ́, màdáàmù, mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn! Àwa mẹ́rin la ń pín kọ̀ǹpútà kan, ẹnì kan á máa tẹ̀ ẹ́, àwa mẹ́ta á máa wo ìka ẹ̀. Lọ́jọ́ tí iná bá lọ, orí páálí tó ya àwọn lẹ́tà sí la ti máa ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo gé páálí ọ̀hún, mo ṣáà mọ ọwọ́ páálí! Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ó pani lẹ́rìn-ín, èmi náà ti rẹ́rìn-ín sú.

A parí, wọ́n fún wa ní ìwé ẹ̀rí. Mo gbé tèmi káàkiri, ọ́fíìsì mẹ́fà. Ní ìkẹfà, ọmọ kan tí mo lè bí gbé kọ̀ǹpútà síwájú mi, ó ní kí n tún nǹkan kékeré kan ṣe. Mi ò rí ibi tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí Onírẹ̀lẹ̀ fi oṣù mẹ́fà kọ́ wa, wọ́n ti pa á tì tipẹ́tipẹ́, kò tiẹ̀ sí lórí ẹ̀rọ yẹn rárá. Ọmọ náà ò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, ì bá tiẹ̀ sàn kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fa àga sún mọ́ mi, ó rọra ní, "Mà, ta ló kọ́ yín ní eléyìí?" Mo gbé báàgì mi, mo jáde.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tá a parí, lọ́jọ́ Àìkú kan, fóònù dún. Onírẹ̀lẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ ti dé! Háà! Ibi tí ẹ jókòó sí yẹn gan-an ni mo kúnlẹ̀ sí. Mo lọ aṣọ, mo yá bàtà àbúrò mi. Kíláàsì wa náà ló ní ká wá, nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, gbogbo àwa tí a jọ ṣe kíláàsì ni mo bá níbẹ̀. Gbogbo wa pátá! Iṣẹ́ wo? Ká máa wo àwòrán lórí kọ̀ǹpútà, táa bá rí mọ́tò níbẹ̀, ká tẹ bọ́tìnnì, tí ò bá sí mọ́tò, ká rékọjá. Mọ́tò, mọ́tò, mọ́tò, títí ojú fi ń ṣe mí bàìbàì. Lọ́jọ́rú ẹ̀yin dé. Lọ́jọ́ Ẹtì ó kó wa jọ, ó ní ẹ kú iṣẹ́ o, iṣẹ́ ti parí. Kò lè wò mí lójú. Èmi ẹ̀gbọ́n ẹ̀!

Ẹ ò mọ̀? Ẹ ò mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń bọ̀ wá kà wá ni wọ́n gbà wá síṣẹ́? Ó dáa, ta ló sọ ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀ fún wọn? Ẹ̀yin náà lẹ kọ lẹ́tà sí wọn? Ẹ kú làákàyè o! Ẹ ò bi mí pé ìgbà wo ni mo bẹ̀rẹ̀, ẹ ò bi mí pé ìgbà wo ló máa parí. Ká ní ẹ bi mí ni, ṣé mi ò ní sọ? Ẹnu mi kú ni?

Wọ́n ti wá gbé àwòrán mi kọ́ sára ògiri wọn báyìí, gàgàrà, eyín mi síta. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀ ni pé nínú ẹni mẹ́wàá tó bá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn, mẹ́sàn-án ló ń ṣiṣẹ́, ìwé tí ẹ̀yin kọ ló sọ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mò ń nulẹ̀ nílé onílé!

Àbúrò mi ló rí i. Ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo. Ilé ìfọṣọ ló ti ń ṣiṣẹ́, ọdún mẹ́sàn-án rèé, iṣẹ́ náà le, àmọ́ ó dájú, iṣẹ́ yẹn ló ń bọ́ òun, èmi, àti ìyá wa tó dùbúlẹ̀ ní yàrá yẹn. Ẹ wo orí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ rí àpò ìwé funfun yẹn? Lẹ́tà tó fẹ́ fi kọ iṣẹ́ sílẹ̀ ni, lọ́la ló máa gbé e fún ọ̀gá ẹ̀. Wọn kì í ṣáà gba ẹni tó bá níṣẹ́ lọ́wọ́ sínú ètò náà, àfi kó kọ́kọ́ di aláìníṣẹ́!

Mo bẹ̀ ẹ́ títí, mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo pọ̀n. Ó ní mi ò fẹ́ kí òun jù mí lọ ni. Ó ní ṣebí wọ́n gbà mí síṣẹ́, èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe tí wọ́n fi lé mi. Ó ní ẹni mẹ́sàn-án ríṣẹ́, èmi ni ẹnì kẹwàá. Màdáàmù, ẹnì kẹwàá! Èmi tí ẹ kà mọ́ àwọn mẹ́sàn-án!

Ẹ ní kí ni? Ẹ máa fi sínú ìwé tó ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀? Ọ̀la ni mò ń bá yín sọ, ẹ̀ ń pe ọdún tó ń bọ̀ fún mi! Ẹ jókòó, ẹ ò tíì lọ ibì kankan. Ṣé ẹ gbọ́ géètì yẹn? Òun ló dé yẹn. Mi ò fẹ́ kí ẹ kọ nǹkan kan, ẹnu yín ni kí ẹ fi sọ ọ́, torí èmi tó fi ojú rí i, òpùrọ́ ni mí lójú ẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ fa ìlà lẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀yin ló gbà gbọ́.

Wọlé, jàre, bọ́ bàtà ẹ. Màdáàmù tó ka àwọn mẹ́sàn-án nìyí. Jókòó, wọ́n fẹ́ kà wọ́n fún ẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yá, màdáàmù, orí èmi ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.