Àdògán Tí Mo Gbé Jáde

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀, kí ẹni tó bá ń kọjá lè gbọ́ pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ jù nínú mi, dókítà sì ti sọ fún mi pé kò sí ohun tí wọ́n tún lè ṣe. Tapiwa, Yankho, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó. Limbani, ìwọ ni kí o sún mọ́ mi jù, torí ìyá ìyá rẹ ni mo ṣẹ̀. Gbogbo yín ní Dedza níbí lẹ gbà pé àjẹ́ ló pa Tiyamike ìyàwó mi. Irọ́ ni. Èmi ni mo pa á. N kò mọ̀ ọ́n mọ̀ pa á, ṣùgbọ́n èyí tí mo ṣe lẹ́yìn náà, mo mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é ni.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ògbólógbòó tí ilé ẹ̀kọ́ wa fẹ́ jù nù, tí mo gbà fún Tiyamike kí ó lè máa fi tẹ ìwé fún àwọn ará àdúgbò. Iná tó wà lẹ́yìn ojú rẹ̀ ti gbó. Bí òtútù bá ti mú, ojú náà á pọ́n, á wá ṣókùnkùn, èèyàn kò ní rí lẹ́tà kan kà níbẹ̀. Ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́bàá ọjà tú u wò, ó bú sẹ́rìn-ín. "Olùkọ́, ogbó ti dé sí i. Irú iná yìí ò sí lọ́jà mọ́. Ẹ jẹ́ kó máa yáná bíi tàwọn àgbà tó kù." Àwàdà ló ń ṣe. Èmi gbé e lọ sítòsí àdògán eléèédú lóòótọ́, ojú rẹ̀ sì mọ́ kedere. Mo fi ọgbọ́n orí mi yangàn káàkiri àdúgbò.

Oṣù kẹfà dé, àkókò òtútù wa, kùrukùru bo òkè, òjò winniwinni kò dá. Tiyamike ní ìwé ìjọ láti tẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ó ní, "Bàbá Tapiwa, kọ̀ǹpútà yín tún ti dijú o." Mo dá iná èédú níta. Ẹ mọ bí a ti ń ṣe é: a ó dúró títí èéfín á fi tán kí a tó gbé e wọlé, torí a gbà pé èéfín nìkan ni ewu. Mo gbé e sí abẹ́ tábìlì rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ padà sí ilé ẹ̀kọ́, ó ní, "Ẹ bá mi ṣí fèrèsé díẹ̀, orí ń fọ́ mi." Mo ní, "Kí òtútù tún wá pa ojú rẹ̀ dé? Tẹ ìwé ẹ, jàre, orí á fi ẹ́ sílẹ̀." Mo fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn, mo lọ.

Nígbà tí mo dé, ó ti gbórí lé tábìlì. Ojú kọ̀ǹpútà mọ́ rekete níwájú rẹ̀. Mo pè é, mo mì ín, kò sí èémí. Kí n tó pariwo, mo ronú. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ìyàwó mi kú, mo sì dúró, mo ń ronú. Abúlé àwọn ìyá rẹ̀ ni mò ń gbé, àṣà wa sì ni pé ẹbí ìyá ló ni ọmọ. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ọwọ́ mi ni ikú ti wá, wọn á lé mi, n kò sì ní fojú kan ẹ̀yin méjèèjì mọ́. Mo gbé àdògán jáde sẹ́yìn ilé, mo da omi sí ẹyin iná tó kù, mo ṣí fèrèsé. Amòòkùn ṣolè, bí ọba ayé kò rí ọ, ti ọ̀run ń wò ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó ké. Ẹkún tòótọ́ ni mo sun, ẹ gbà mí gbọ́.

A sin ín tán, àbúrò ìyá rẹ̀ ọkùnrin, Kachere, bi mí níwájú ẹbí. "Àna wa, obìnrin tí kò ṣàìsàn, tí kò lọ́gbẹ́ lára. Ta ló wá sílé yín lọ́jọ́ yẹn?" Ìyá Àgbà Nasibeko, ìyá ìyá rẹ, Limbani, wà láàrin wọn, ó ń nu omijé. Òun ló gbé elégédé sísè wá fún wa láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, torí ó fẹ́ràn Tiyamike bí ọmọ inú rẹ̀. Mo mọ ohun tí orúkọ tó bá tẹnu mi jáde máa fà. Mo ní, "Ìyá Àgbà nìkan ló wá. Ó gbé oúnjẹ wá." Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, ìkà ni mo sì fi sọ ọ́. Ó yíjú sí mi. "Olùkọ́, ṣebí a jọ jẹ ẹ́ ni? Sọ fún wọn pé ìwọ náà jẹ ẹ́." Mo wo ilẹ̀.

Wọ́n pè é ní àjẹ́, wọ́n tú òrùlé rẹ̀ lójú mi, wọ́n sọ ọ́ lókò. Ó pọ̀n ọ́, Limbani, ó forí lé abúlé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú òtútù yẹn. Kò dé ibẹ̀. Wọ́n ní gbogbo aṣọ ọrùn rẹ̀ ló bọ́ tó fi wé ọ, ohun tó jẹ́ kí o wà láàyè nìyẹn. Láti ìgbà tí àìsàn ti dá mi dùbúlẹ̀, ìwọ lò ń fún mi lómi mu.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má gbé iná èédú wọ yàrá tí ẹ tì, ìbáà má rú èéfín kankan, torí ó ní afẹ́fẹ́ olóró tí ojú kò rí. Bí ẹ bá sì ṣe àṣìṣe, ẹ jẹ́wọ́ rẹ̀ kíákíá, nítorí àṣìṣe mi pa ẹnì kan, ìbẹ̀rù mi ló pa èkejì. Limbani, dárí jì mí bí o bá lè ṣe é. Bí o kò bá lè ṣe é, n kò ní bínú. Ṣùgbọ́n bí mo bá kú, kí ẹnikẹ́ni má tíì sin mí. Tapiwa, dúró lójúde olóyè, kí o sọ pé Nasibeko kì í ṣe àjẹ́, kí o sì dárúkọ bàbá rẹ. Bí ojú bá ń tì ọ́ láti sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí òkú mi wà nílẹ̀ títí ojú kò fi ní tì ọ́ mọ́.