Ààlè Tí Mo Fi Dí Ọ̀nà Ìyá Rámọ́tù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́rùn mi tí kò jẹ́ kí n lè jẹ irú mọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Tí ìyàwó mi bá ti fi irú sọ́bẹ̀ báyìí, òórùn rẹ̀ lásán ti tó láti já mi láyà. Láti ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni mo ti pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni ohun kan tí mo rí lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí kò yé mi títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Àwọn ọ̀dọ́ kan wá láti ìlú ńlá, wọ́n wá ṣe àríyá orin ní pápá tó wà lẹ́yìn ìlú wa, lápá ibi téèyàn ń gbà lọ sí Okaka. Wọ́n pàgọ́, wọ́n ń sùn síbẹ̀. Èmi ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn tó ń ṣọ́ ibùdó, torí mo ti ṣe iṣẹ́ sẹkúrítì rí, mo sì jẹ́ ọmọ ìlú. Ọmọbìnrin tó kó wọn wá bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní, "Bàbá Àfúsá, a ò fẹ́ kí nǹkan kan ṣe àwọn àlejò wa. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ onílẹ̀ la wà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má lé ará ìlú kankan."

Inú mi dùn sí i. Ní géètì iwájú, à ń kí gbogbo ará ìlú káàbọ̀, à ń fún wọn lómi mu. Ẹ̀yìn ibùdó ló dà mí láàmú. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan gba àárín àwọn àgọ́ kọjá lọ sídìí àwọn igi igbá, igi tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe irú. Ọ̀nà Ìyá Rámọ́tù nìyẹn. Irú màmá náà ni gbogbo àdúgbò wa ń jẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, màmá ru agbọ̀n rẹ̀ bọ̀, okùn àgọ́ kan gbé e lẹ́sẹ̀, ó sì ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fi gáàsì dáná. Ọlọ́run ló yọ wá. Ó dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ nù, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló na okùn sójú ọ̀nà mi?" Àwọn ọmọ náà ń tọrọ àforíjì, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀, mo bá a ṣa èso rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí n ṣe kò le. Ǹ bá ní kí wọ́n ká àgọ́ kúrò lójú ọ̀nà, tàbí kí n lọ bá màmá nílé, kí n bẹ̀ ẹ́ pé kó fún wa láàyè díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Tó bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn bí bàbá rẹ̀ ṣe la ọ̀nà náà, ilẹ̀ á ṣú. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀lẹ ló ṣe mí. Mo wá lo ọgbọ́n àgbọ́njù. Mo so ìkarahun ìgbín, ṣùkù àgbàdo àti àkísà pupa pọ̀, mo gbé e kọ́ lẹ́nu ọ̀nà náà lóru, ẹnikẹ́ni ò rí mi. Ààlè ni mo pa. Kò sí ọfọ̀ kankan nínú rẹ̀ o. Mùsùlùmí ni mí. Èyí tí mo máa ń rí nínú oko àwọn èèyàn nígbà èwe ni mo wò ṣe.

Ó sì ṣiṣẹ́! Okùn tí a ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Àmọ́ kò sẹ́ni tó kọjá àkísà aṣọ oko mi, àfi ewúrẹ́. Mo jókòó lọ́ọ̀ọ́kán, mò ń wo ojú wọn bí wọ́n ṣe ń dé ibẹ̀, tí wọ́n ń pẹ̀yìn dà. Kí ni wọ́n ń rí tí èmi ò rí?

Àríyá parí wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n yìn mí pé ibùdó rójú, bẹ́ẹ̀ ni mi ò bá ará ìlú kankan jà. Wọ́n ká àgọ́ wọn lọ. Èmi náà gbalé lọ, mo gbàgbé láti tú ààlè náà. Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni mo pa yẹn. Mi ò gbàgbé. Mo fẹ́ wò ó bóyá wọn ò ní kọjá náà ni. Òfíntótó ni.

Wọn ò kọjá. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá burú nìyí. Olúọdẹ àdúgbò wa nìkan ni gbogbo wa mọ̀ pé ó ń pa ààlè, àbúrò Ìyá Rámọ́tù sì ni, ọmọ ìyá kan náà. Màmá gbà pé àbúrò òun ló fi ọ̀nà bàbá wọn ta àlejò lọ́rẹ. Olúọdẹ fẹnu kan irin, ó búra pé òun kọ́. Màmá ní, "Ta ni ì bá tún ṣe é? Ọmú kan náà la jọ mu, òun náà ló wá dí mi lọ́nà."

Láti ìgbà náà, wọn kì í kí ara wọn. Títì ni màmá ń gbà lọ ṣa èso rẹ̀ báyìí. Ó jìn, orúnkún rẹ̀ sì ti ń wú. Nígbà Iléyá, ẹran tó máa ń gbé ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀, ilé mi ló gbé e wá. Ó ní mo ṣeun tí mo bá òun ṣa èso lọ́jọ́sí. Mo gbà á. Mo jẹ ẹ́. Ojú ti mí púpọ̀.

Àwọn ọmọ olórin náà ti ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ lẹ́ẹ̀rùn yìí, kí n ṣe é bí mo ṣe ṣe é. Ni mo bá gbéra lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní ọ̀sán gangan, láti lọ tú ààlè mi. Mo ti rò pé òjò á ti jẹ àkísà náà tán. Mo débẹ̀, aṣọ tuntun ló wà níbẹ̀! Ó pupa yòò, wọ́n sì ta á ní kókó kan tí mi ò mọ̀ ọ́n ta. Kì í ṣe ṣùkù àgbàdo tèmi náà ló wà níbẹ̀. Mo na ọwọ́ sí i, ọwọ́ mi kọ̀.

Èmi tí mo mọ̀ pé òfìfo ni mo gbé kọ́ o! Ta ló pààrọ̀ rẹ̀? Ṣé Olúọdẹ ni, pé bí wọ́n bá ti lè fi orúkọ rẹ̀ pè é, kó kúkú jẹ́ tirẹ̀? Ṣé màmá fúnra rẹ̀ ni, kí ẹnikẹ́ni má gba ibi tí òun ò lè gbà? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Bí mo bá jẹ́wọ́ ti àkọ́kọ́, wọ́n á bi mí léèrè ẹni tó so èkejì. Màmá á ní àbúrò òun ló bẹ̀ mí kí n wá gba ẹ̀bi rù. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n kọ́kọ́ wádìí ẹni tó so ó ni? Àbí òfíntótó tó kó mi sí wàhálà náà ló tún ń dá mi dúró?

Mo mọ̀ pé ọmọ-ọmọ Ìyá Rámọ́tù máa ń ka ojú ewé yìí fún un. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Mi ò mọ ẹni tó so èyí tó wà níbẹ̀ báyìí. Àmọ́ èyí tó lé yín kúrò lọ́nà bàbá yín, àbúrò yín kọ́. Èmi ni.