Òkúta Kan, Àna Méjì

Rárá, Ààfáà, mi ò jókòó. Ẹ ṣeun, mi ò mu tíì. Ẹni tí wọ́n ní ó jí òkúta inú ìkúùkù àgbàlagbà, tí àgbàlagbà ọ̀hún ò tíì la ọwọ́, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń jókòó mu tíì ni? Ṣé ẹ gbọ́ mi báyìí? Inú ìkúùkù! Ó di ọwọ́ ẹ̀ pinpin bí ẹni tó mú tata, èmi wá jí ohun tó wà nínú ẹ̀! Èmi Shaweji, tí mi ò lè mú ẹja kan nínú ìkòkò ìyá mi kí ìdérí má pariwo!

Ẹ má rẹ́rìn-ín, Ààfáà. Mo ní ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin gan-an lẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Àbí ta ló bi Somoe pé kí ló fẹ́ gbà ní sàdáàkì? Ẹ̀yin ni. Ẹ gbé gọgọwú yín wọ̀ dáadáa, ẹ wúkọ́, ẹ ní ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni lọ́dọ̀ Ọlọ́run, kò sí bàbá kò sí ẹ̀gbọ́n ìyá tó lè bá a yàn án. Ó dáa. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń gba bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń gba ẹ̀rọ ìránṣọ, èyí tó bá tiẹ̀ gbọ́n jù nínú wọn ń gba ewúrẹ́ tó lóyún. Somoe tèmi ní òun fẹ́ òkúta iyebíye tí wọ́n ń pè ní alágẹmọ, èyí tó máa ń rí bí ewé láàárọ̀, tó máa ń rí bí osùn lálẹ́. Mo ní kí ló dé? Ó ní òun fẹ́ nǹkan kan nínú ilé tí kò ní sú òun láti wò, torí ojú tèmi, òun ti wò ó tán.

Ẹ tún ń rẹ́rìn-ín! Ó dáa náà, ẹ máa rín in lọ.

Mo ta ọ̀kadà mi, Ààfáà. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé ilé yín lónìí, ẹ wo eruku. Mi ò sì lọ rà á bí ọ̀dẹ̀ o! Gbogbo alágbàtà òkúta ní Tunduru yìí, ẹ̀yìn mi ni wọ́n ń gùn, tí wọ́n bá sì ti gùn ún, ẹnu wọn kì í dúró, àṣírí iṣẹ́ wọn, etí mi ni wọ́n ń dà á sí. Mo lọ bá Makorongo ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n, onírùngbọ̀n tó máa ń ta kọ́tìnnì bo fèrèsé lọ́sàn-án gangan, tó wá tan gílóòbù funfun sórí, tí ojú gbogbo wa á funfun bí ojú òkú. Ó kọ́kọ́ nawọ́ ọ̀kan sí mi. Ó ń dán yanranyanran! Mo gbé e síhìn-ín, ó jẹ́ aró, mo gbé e sọ́hùn-ún, ó di elésè àlùkò, kò sí ẹyọ ìdọ̀tí kan nínú ẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi èyí pamọ́ fún àwọn tó ń ti òkèèrè bọ̀. Ohun tí Ọlọ́run sin sínú ilẹ̀ kì í mọ́ tó báyìí. Ilé iṣẹ́ kan ni wọ́n ti sè é." Ó wò mí, ó ní, "Shaweji, ta ló kọ́ ẹ?" Mo ní, "Ẹ̀yin náà ni, lọ́jọ́ tí mo gbé yín lọ sí etí odò Muhuwesi, ẹ sọ̀rọ̀ lọ, ẹ sọ̀rọ̀ bọ̀."

Ó bá mú ojúlówó jáde. Kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Mo ní ẹ jẹ́ ká gbé e síta. Ó ní oòrùn ń mú. Mo ní abẹ́ igi máńgòrò ni mo ní lọ́kàn, torí oòrùn tó ń gún ojú máa ń purọ́ fún òkúta. Mo tẹ́ bébà funfun, mo gbé e lé e. Ààfáà, ewé ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn òjò! Mo fi awò kékeré tí wọ́n fi ń yẹ òkúta wò sójú, mo rí àwọn nǹkan tín-íntín-ín bí irun ọmọ tuntun nínú ẹ̀, mo ní a dúpẹ́, èyí wá láti inú ilẹ̀. Mo wá ní kó bá mi tan àbẹ́là. Ó ní, "Àbẹ́là? Ṣé òkú lo fẹ́ ṣàìsùn fún ni? Ṣé o ò rí gílóòbù lókè orí ẹ ni?" Mo ní gílóòbù funfun yín yẹn, àlejò ni, òkúta ò mọ̀ ọ́n rí, iná tó ń jó, tó ń pọ́n, lòun máa ń dá lóhùn. Kò ní àbẹ́là. Èmi ni mo lọ rà á nílé kejì. A tìlẹ̀kùn, a pa gílóòbù, mo ṣáná sí i… Yéè! Ó pọ́n kuku! Makorongo fúnra ẹ̀ ní "Máṣá Allah," ó sì fi kún iye tó ń pè tẹ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ṣé ẹ rí i pé mi ò ṣe àṣìṣe kankan? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sọ́kàn. Ká ní ayédèrú ni mo rà, màá ní orí mi ló kọ̀. Ojúlówó ni mo rà, Ààfáà! Ojúlówó ló pa mí!

Torí ẹ wo àwọn àna mi. Ẹ mọ bí tiwa ṣe rí níhìn-ín, bàbá ló bí ọmọ, ẹ̀gbọ́n ìyá ló lọmọ, ẹni tó bá kọ̀ nínú àwọn méjèèjì, ọ̀rọ̀ ti tán. Bàbá Likwata tó bí Somoe, àárọ̀ nìkan ló ń gba àlejò, tí oòrùn bá ti lé díẹ̀, ó ti wọ oko kajú ẹ̀ lọ sùn. Ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀, Bàbá Chitanda, kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lẹ́nu ẹ àfi lẹ́yìn ìrun Màgàríbà, nínú yàrá, níwájú fìtílà oníkẹrosíìnì, torí ó ní gílóòbù funfun ń fa ojú èèyàn mu. Àwọn méjèèjì ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ látìgbà tí wọ́n ti jà lórí ẹni tó ni orí àgbò Iléyá. Ìyá Somoe ló máa ń gbé ọ̀rọ̀ ọkọ lọ fún ẹ̀gbọ́n, tó máa ń gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n bọ̀ wá fún ọkọ.

Mo lọ láàárọ̀. Bàbá Likwata gbé òkúta sókè, ó ní, "Àwọ̀ ewé! Àwọ̀ àlàáfíà!" Ó gbàdúrà fún mi títí ọrùn fi dùn mí. Mo lọ nírọ̀lẹ́. Bàbá Chitanda gbé e sún mọ́ fìtílà, ó ní, "Pupa! Ọkùnrin ni ẹ́, àwọn ọ̀lẹ ló ń ra òkúta aláwọ̀ ewé." Òun náà gbàdúrà. Mo lọ sílé, mo sùn, mò ń rẹ́rìn-ín lójú oorun.

Ilẹ̀ mọ́, Ìyá Somoe lọ jíṣẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ mi ní òkúta aláwọ̀ ewé yẹn wu òun." Bàbá Chitanda ní, "Aláwọ̀ ewé wo?" Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀! Ó ní mo fi ọ̀kan han bàbá, mo fi ọ̀kan han òun, mo fẹ́ fi ọ̀kan ṣoṣo ṣe sàdáàkì, kí n wá tọ́jú ìkejì fún ìyàwó míì. Bàbá Likwata gbọ́, ó ní, "Ṣé pupa kan wà tí wọn ò fi hàn mí? Nínú ilé mi?" Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ọ̀kan ni. Wọ́n ní irọ́. Mo ní àwọ̀ ló ń yí. Wọ́n ní ṣé òkúta ń pààrọ̀ aṣọ ni? Ìyá Somoe tí mo ní kó gbà mí, ó ní ká sòótọ́, ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú lòun rí i lọ́wọ́ ọmọ òun, bí eérú ló rí. Yéè! Wọ́n ní, "Ó di mẹ́ta!"

Mẹ́ta, Ààfáà! Mi ò tíì fẹ́ ìyàwó, òkúta mi ti ń bímọ!

Àná ni wọ́n ní kí n kó gbogbo ẹ̀ wá, kí àwọn rí i pa pọ̀ lójú kan náà. Ilé Bàbá Chitanda ni, ní ìyálẹ̀ta. Wọ́n kẹ̀yìn síra wọn lórí ẹní kan ṣoṣo. Mo ní kí wọ́n pa fèrèsé yàrá dé, kí wọ́n tan fìtílà, kí wọ́n jẹ́ kí n gbé e wọlé, kí n gbé e jáde, wọ́n á rí i fúnra wọn. Mo gbé e wọlé, ó pọ́n. Mo gbé e jáde, ó di ewé. Bàbá Likwata ní, "Ọwọ́ ọmọ yìí yá." Bàbá Chitanda, tí kò bá a sọ̀rọ̀ o, ó kọjú sí ògiri, ó ní, "Inú àpò ẹ̀wù ni ìkejì wà." Wọ́n ní kí n bọ́ ẹ̀wù. Mo bọ́ ọ. Wọ́n ní kí n bọ́ fìlà. Wọ́n ní kí n bọ́ ṣòkòtò! Somoe ló ju ìró kanga ẹ̀ sí mi láti ilé ìdáná kí n fi bo ìdí, ó ń rẹ́rìn-ín tó ń fọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n ní kí n la ẹnu. Wọ́n ní kí n gbé ahọ́n sókè. Bàbá Likwata bẹ̀rẹ̀, ó ń yọjú sínú ihò imú mi, bí ẹni tó ń wá ẹyin nínú ìtẹ́!

Mo ní ó tó! Ẹ gbé e fúnra yín! Bàbá Chitanda mú un lójú fìtílà, pupa fòò, ó dì í sínú ìkúùkù, ó jáde síta, èmi jìnnà sí i, mo di kanga mú, ọwọ́ mi méjèèjì kún. Ó la ọwọ́. Àwọ̀ ewé. Ààfáà, bàbá yẹn pariwo débi pé àwọn ewúrẹ́ já okùn! "Ó ti jí i! Ó ti jí pupa mi nínú ọwọ́ mi!" Bàbá Likwata ní kí wọ́n mú un wá, òun máa di tòun mú dáadáa. Ó di aláwọ̀ ewé náà, ó sáré wọ yàrá, ó la ọwọ́ lójú fìtílà. "Olè! Aláwọ̀ ewé mi dà?"

Ẹ wá wo idán Ọlọ́run. Bàbá Likwata yí ojú sí Bàbá Chitanda, ó ní, "Ó jí tìrẹ náà?" Bàbá Chitanda ní, "Ó jí i, àna mi. Pẹ̀lẹ́ o." Pẹ̀lẹ́ o! Àwọn tí kì í kíra wọn! Wọ́n dì mọ́ra. Wọ́n gbé òkèlè ugali jáde, wọ́n jọ ń bu ú nínú àwo kan, tí ọ̀kan bá gé ẹja, á gbé orí ẹ̀ síwájú ìkejì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ olè tí mo jẹ́. Èmi ni mo parí ìjà wọn, ẹnikẹ́ni ò ní kí n wá bá wọn jẹun!

Wọ́n da òkúta náà lé mi lọ́wọ́, ìdájọ́ wọn wá ni pé kí n kó méjèèjì wá pa pọ̀ kó tó di Jímọ̀, kí n sì mú aláwọ̀ eérú ti ìyá náà dání. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Nampanda oníkajú ló máa fẹ́ Somoe. Ó ti mú màlúù dúdú kan wá so sí ẹnu ọ̀nà. Bàbá Chitanda mú màlúù yẹn wọ yàrá, Ààfáà, mi ò purọ́, ó fà á wọ yàrá lọ wò lójú fìtílà! Ó jáde, ó ní, "Dúdú ni síbẹ̀. Ọmọlúwàbí màlúù."

Kí n ra òkúta míì? Kí ni mo fẹ́ tà? Tí mo bá sì ra ìkejì, mẹ́fà ni wọ́n máa kà, ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ẹ̀! Hashimu ọ̀rẹ́ mi ní kí n fọ́ ìgò ọtí aláwọ̀ ewé, kí n fọ́ iná pupa ẹ̀yìn ọ̀kadà kan, kí n gbé e fún wọn, wọ́n á jó. Wọ́n á sì jó lóòótọ́! Àmọ́ ọrùn Somoe ni nǹkan yẹn máa wà. Ṣé ìgò ọtí ni kí n fi fẹ́ ọmọ tó ní ojúlówó lòun fẹ́? Mi ò ṣe é. Mo ní n ò ṣe é. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá bá yín, torí ẹ̀yin kàwé dé Zanzibar, ẹ mọ̀ pé Ọlọ́run lè dá ohun kan kó ní ojú méjì.

Òun nìyí. Ẹ gbà á. Ẹ wò ó níbi ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé yẹn… Ẹ̀n-ẹ́n. Àwọ̀ ewé, àbí? Ó dáa. Ẹ gbà mí gbọ́? Ẹ gbà mí gbọ́ pátápátá? Alihamudulilai! Mo ti ń sọ fún Somoe pé ọkùnrin olóye kan ṣì kù ní ìlú yìí! Ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀? Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn, á fún…

Kí lẹ ní?

Ẹ tún un sọ. Kí n mú pupa ẹ̀ náà jáde, kẹ́ ẹ lè fi wé ara wọn?

Hà! Hà hà hà! Ààfáà! Ẹ̀yin náà! Ó parí! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù mí ní tíì yẹn, mo fẹ́ jókòó.

Ó dáa, ẹ gbọ́, ẹ má ṣàlàyé nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ má so yìgì yìí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ẹ so ó ní ìdájí ọjọ́ náà, bí a bá ṣe kírun àsùbáà tán, kí ojúmọ́ tó yọ. Ẹ ní kí wọ́n pa fìtílà, kí wọ́n pa gílóòbù, ẹni tó bá tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ ṣépè fún un. Ẹ kàn ní, "Sàdáàkì ni òkúta kan," kí kálukú máa rí àwọ̀ tó bá wù ú nínú òkùnkùn. Ẹ bi Somoe bóyá ó gbà. Á ní òun gbà. Ẹ ní "Àmín" kíákíá. Tí ilẹ̀ bá wá mọ́, kí wọ́n máa ka òkúta lọ, ìyàwó ti wọlé!