Ohun Tó Yẹ Kí N Kàn Máa Kà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, wọ́n ti dájọ́ ikú fún mi. Mi ò mọ ọjọ́ tí wọn yóò mú mi jáde. Mo pa ọ̀gá mi, ọkùnrin tó kọ́ mi níṣẹ́. Mi ò ní í sọ pé èṣù ló tì mí. Ọwọ́ mi ni.

Láàárọ̀, bí fèrè ọkọ̀ ojú irin bá dún títí dé yàrá ẹ̀wọ̀n yìí, ọkàn mi a padà sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó àwọn awakọ̀, lẹ́bàá ojú irin ní Parakou, ní ilẹ̀ Benin. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni mí, àdúgbò Banikanni ni mo ń gbé. Nígbà náà, lábẹ́ ìjọba sósálíìsì, "kámárádì" ni gbogbo èèyàn ń pe ara wọn, àmọ́ mi ò lè pe Ọ̀gá Bíò bẹ́ẹ̀ láé. Ọmọ ẹ̀yà Bàrìbá ni. Òkè òkun ló ti kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo la ní, ibẹ̀ la ń tọ́jú ìwé ìlera àwọn awakọ̀ sí, àwa méjèèjì la sì kọ ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Bí iná bá lọ, a ó jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, ọ̀gá á fi igi ya ilé sórí ilẹ̀, á máa kọ́ mi. Háà, àwọn ọ̀sán yẹn!

"Awakọ̀ kọ̀ọ̀kan dà bí ilé," ó wí. "Àwọn akọ̀wé kì í wọlé, ojú fèrèsé tí a là fún wọn ni wọ́n ń gbà wo inú. Àdírẹ́sì, wọ́n lè kà á, wọ́n sì lè tún un kọ. Èsì àyẹ̀wò dókítà ńkọ́? Kíkà nìkan."

"Ọ̀gá, ṣé kò lè yí padà mọ́ nìyẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó lè yí padà. Dókítà ní ọ̀nà tirẹ̀ láti inú ilé. Fèrèsé kàn ṣèlérí pé wàá rí i ni, kò ṣèlérí pé kò ní í yí padà. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹni tó mọ inú ilé jẹ́ olóòótọ́."

Bàbá mi kékeré ló kọ́kọ́ bẹ̀ mí. Wọ́n fẹ́ dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ awakọ̀ nítorí ọjọ́ orí. Kíkà nìkan ni ọjọ́ ìbí. Mo fi ìlà kan kún ètò náà, fèrèsé ṣí fún kíkọ, mo dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù, mo sì yọ ìlà náà kúrò. Àdúrà tó gbà fún mi pọ̀. Ojú tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi.

Lẹ́yìn náà ni Ráfíù, ọ̀rẹ́ mi láti àdúgbò Zongo, gbé wàgásì, wàràkàṣì díndín, wá bá mi. Wárápá ń ṣe é, dókítà sì ti kọ ọ́ pé kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀.

"Ó ti tó ọdún méjì tó ti gbé mi ṣubú kẹ́yìn," ó wí. "Kí ni màá wá ṣe láyé bí mi ò bá wakọ̀? Ìwọ lo mọ inú ẹ̀rọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo yí èsì náà padà.

Ní ọjọ́ ọjà kan, wárápá gbé e lẹ́nu ìwakọ̀, ọkọ̀ rẹ̀ sì já sí kòtò lọ́nà N'Dali. Òun àti obìnrin márùn-ún ló kú. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá mú ìwé dókítà dání síwájú ẹ̀rọ; ohun tó wà nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tó wà lójú ẹ̀rọ.

"Ta ló ṣí fèrèsé yìí?"

"Ọ̀gá, mi ò mọ̀."

"Àwa méjì la mọ ọ̀nà ibẹ̀. Èmi kọ́." Ó ká ìwé náà. "Dìde. Ká jọ lọ sọ fún ọlọ́pàá. Mi ò ní í fi ìwọ nìkan sílẹ̀ níbẹ̀."

Ó yíjú láti mú fìlà rẹ̀. Irin tí a fi ń há ilẹ̀kùn wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Mo gbé e, mo lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Kò pariwo; orúkọ mi ló pè. Nígbà tí àwọn akọ̀wé sáré wọlé, orí rẹ̀ wà lórí itan mi, mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jọ̀ọ́. Bí wọ́n bá fi ohun tí kì í ṣe tiyín láti yí padà lé yín lọ́wọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bí ẹ ṣe bá a, ìbáà jẹ́ ẹni tí ẹ fẹ́ràn ló ń bẹ̀ yín. Bí ẹ bá sì ti ṣe é, ẹ jẹ́wọ́ nígbà tó ṣì kéré. Mi ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Iṣẹ́ tí mo ṣì fẹ́ kọ́ pọ̀.