Àmánà ni Ara Aláìsàn

Ọlọ́hun Ọba tó fún wa ní ìlera tá a fi jókòó síbí, òun ni ọpẹ́ tọ́ sí. Ẹ wí i kó dún: Alhamdulillahi! Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú relé lónìí kò gùn: ara aláìsàn, àmánà ni, ohun ìṣọ́ tí Ọlọ́hun fi sí ọwọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, Túráyátù lorúkọ rẹ̀. Ọwọ́ ọmọ náà yá! Kó o tó ṣẹ́jú, abẹ́rẹ́ ti wọlé. Òun náà mọ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn sí ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kó lọ wẹ egbò itan Bàbá Lámídì. Àkókò ìbẹ̀wò ni. Ta ló jókòó ti Bàbá? Ìyá ọkọ ọmọ rẹ̀ ni, àna gidi, tó gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá. Túráyátù wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni, kò fa kọ́tìnì, ó kàn ká aṣọ ìbora Bàbá sókè fàà!

Ẹ̀yin ọkùnrin, ta ni nínú yín tó fẹ́ kí àna òun rí itan òun? Ẹ dákẹ́ ni? Lèmọ́mù, ẹ má wojú mi, mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ò fẹ́!

Àna sáré kọ̀yìn. Bàbá gba aṣọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. "Kò sẹ́ni tó máa rí itan mi mọ́ nílé ìwòsàn yìí!"

Ṣé ẹ rò pé ó ń ṣeré ni? Ilẹ̀ mọ́, kò gbà. Ilẹ̀ tún mọ́, kò gbà. Egbò bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Dókítà ní bí wọn ò bá rí i wẹ̀ lónìí, àfàìmọ̀ kí wọ́n má gé ẹsẹ̀ náà.

Alhaja Sàádátù, olùkọ́ wọn níléèwé nọ́ọ̀sì, pe Túráyátù síwájú kíláàsì. "Kí lo fi ṣe Bàbá?"

"Egbò ni mo fẹ́ wẹ̀, mà. Bàbá yẹn ló lágídí."

"Ó dáa. Gun bẹ́ẹ̀dì tá a fi ń kọ́ṣẹ́ yìí, kó o bo ara ẹ. Ìwọ ni aláìsàn."

Túráyátù dùbúlẹ̀. Ni Káfáyátù ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ tí kì í fi yẹ̀yẹ́ ṣeré, bá kígbe sẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ̀yin ọkùnrin kíláàsì wa, ẹ wọlé o! Ẹ wá wo itan aláìsàn!" Ó nawọ́ sí aṣọ bí ẹni fẹ́ ṣí i.

"Káfáyátù! Ṣé orí ẹ pé? Mi ò gbà!" Túráyátù ti wọ́ aṣọ dé àgbọ̀n.

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Alhaja ò rẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà lágídí, àbí?"

Omi lé ròrò sójú ọmọ náà. Kò tíì sí ẹ̀kọ́ tó dùn ún tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó gba wọ́ọ̀dù lọ, ó fa kọ́tìnì, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú ìrora. Ẹ foríjì mí. Mo dójú tì yín lójú àna yín."

Bàbá kọjú sógiri. "Ìwọ ọmọ tí kì í kíni yìí, o tún dé?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ di aṣọ yín mú fúnra yín. Ibi tẹ́ ẹ bá ṣí nìkan ni màá fọwọ́ kàn. Tẹ́ ẹ bá ní kí n dúró, màá dúró."

Bàbá yíjú padà, ó ṣí ibi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Túráyátù rọra wẹ̀ ẹ́.

"Ó ń dùn mí!"

Ó dúró. Kò kánjú, kò pòṣé. Bàbá wò ó títí, ó fúnra rẹ̀ ká aṣọ sókè díẹ̀ sí i. "Ó yá, máa wẹ̀ ẹ́."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn títí ẹran tuntun fi hù. Wọn ò gé ẹsẹ̀ kankan! Lọ́jọ́ tí Bàbá ń relé, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ Túráyátù. "Ọlọ́hun á ṣàánú ẹ, ọmọ mi. O wo egbò mi sàn, o sì bò mí láṣìírí."

"Bàbá, èmi ni mo dúpẹ́," ni Túráyátù wí. "Ẹ̀yin lẹ gbà kí n tún un ṣe."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wẹ̀ fún ìyá yín nílé, ṣé ẹ máa ń tilẹ̀kùn? Ṣé ẹ máa ń tọrọ ààyè kẹ́ ẹ tó tú aṣọ lára wọn? Ara tó bí yín ni, ó ṣì ń tijú.

Ọlọ́hun, gbogbo ọwọ́ tó ti wẹ egbò wa rí, fi làádà kún un. Fún àwa náà ní sùúrù àti ìtìjú nígbà tí aláìsàn bá wà lọ́wọ́ wa. Lọ́jọ́ tó bá sì kàn wá láti dùbúlẹ̀, fún wa ní ẹni tó máa kí wa kó tó fọwọ́ kàn wá. Àmín, àmín, yà Ọlọ́hun.